Àga tí Oyèdèjì Fi Tọrẹ

Oyèdèjì gbé àga ìrókò kan wá sí ìsọ̀ mi lẹ́bàá ilé ìlagi ní Ore. Ó ti kùn ún ní fánísì, ó ń dán bíi dígí.

“Fadékẹ́, fi irin gbígbóná rẹ kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fẹ́ fi ta ìjọ wa ní Ajue lọ́rẹ níbi ìkórè. Kó hàn o!”

“Á hàn, bàbá.”

Ọkùnrin yìí ló ni iyọ̀ àkópamọ́ táwọn ṣójà bá nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tí iyọ̀ di wúrà. Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́runníyì, kàn ń bá a ṣọ́ ọ ni. Wọ́n nà án ní gáréèjì bí ẹni lu ẹ̀gúsí, wọ́n ń pè é lólè. Oyèdèjì dúró níbẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Látìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti jáde nílé mọ́.

Ká ní ìtìjú kékeré ni mo fẹ́ fún un, orí fánísì yẹn ni ǹ bá kọ ọ́ sí. Bí irin gbígbóná bá kan fánísì, á hó, á rú èéfín, lẹ́tà á wú bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Ṣùgbọ́n iná náà kì í wọ inú igi. Sánpépà díẹ̀, ó ti lọ. Igi tó wà níhòòhò ló ń mu iná.

Mo mú àfọ́kù ìgò, mo họ fánísì náà títí mo fi rí ara igi. Mo ki irin bọ ẹyín iná. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Nígbà tó tutù, mo tún fi fánísì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á lójú.

Oyèdèjì kò mọ̀wé. Ó fọwọ́ pa lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Ó mà gùn o. Ṣé orúkọ mi nìkan nìyí?”

“Orúkọ ńlá a máa gba àyè, bàbá.”

Lọ́jọ́ ìkórè, Pásítọ̀ Samson kọ́kọ́ gbàdúrà lé àga náà, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìgbà náà ló wá yí ẹ̀yìn àga náà, tó ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ sókè: “Oyèdèjì, tó ni iyọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ na Ọlọ́runníyì, ló fi tọrẹ.”

Gbogbo ìjọ yíjú sí Oyèdèjì.

Lẹ́yìn ìsìn, ó fi sánpépà fá lẹ́tà náà títí ìka rẹ̀ fi bó. Dídán ló ń lọ, lẹ́tà kò lọ. Ó ní kí wọ́n dá àga òun padà. Pásítọ̀ ní ohun tí a ti gbàdúrà lé kì í padà sílé.

Ló bá wá bá mi.

“Fadékẹ́, ọmọ mi, bá mi họ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀. Tó bá ní kí n họ ọ́, màá họ ọ́.”

Mo tẹ̀ lé e dé ilé wa. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí àga tó wà ní Ajue. Ó pẹ́ kí Ọlọ́runníyì tó ṣílẹ̀kùn. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Oyèdèjì kọjá bí ẹni kọjá lára òpó.

“Fadékẹ́, bá mi wá bàtà mi. Mò ń lọ wo àga kan ní Ajue.”