Ẹni Tó Ni Ohùn

"Ẹ jọ̀wọ́, Màámi, ẹ tún un kà. Ẹ tún ti ń kéde ọkọ̀ ojú irin."

Ìyá náà gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀. "'Omi gbígbóná wà nínú fíláàsì.' Ohun tí mo kà nìyẹn. Kí ni mo kéde níbẹ̀?"

"Ẹ kà á bí ẹni pé omi náà fẹ́ gbéra ní pèpéle kejì."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín ìyá náà di ikọ́, ikọ́ náà kò sì tètè dáwọ́ dúró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dìde, ó bu omi fún un, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí ó fi mí kanlẹ̀. Àbíkẹ́yìn ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé lógójì ọdún.

Kó tó fẹ̀yìn tì, ìyá yìí ni ohùn tí àwọn èrò máa ń gbọ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin ìlú wọn. Òun ló ń sọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, èyí tó pẹ́, àti èyí tí kò ní wá mọ́. Iṣẹ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé gbólóhùn síwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ á nà, ọ̀rọ̀ á sì máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí èrò tó tò sórí ìlà.

Ní àárọ̀ ọ̀la, dókítà yóò yọ gògóńgò rẹ̀. Jẹjẹrẹ ti wọ ibẹ̀. Wọ́n tètè rí i, dókítà sì ti fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ kò sí nínú ewu púpọ̀. Ohùn ni kò ní padà wá. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n ní kó wá gba bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù.

Iṣẹ́ Àbíkẹ́yìn ni kó máa kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń kọ ètò kan tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ rẹ̀: ìyá rẹ̀ yóò máa tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, fóònù yóò sì máa fi ohùn ìyá náà gan-an sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà dáadáa kó tó lè mọ̀ ọ́n sọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi jókòó ti máìkì láti àárọ̀.

"Níbo lo tiẹ̀ ń kó gbogbo rẹ̀ sí?" ni ìyá náà béèrè nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ balẹ̀. "Inú kọ̀ǹpútà kékeré yìí náà?"

"Rárá, mà. Inú àwọsánmà ni."

Ìyá náà wo ojú fèrèsé. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. "Èwo nínú wọn?"

Àbíkẹ́yìn fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ibi iṣẹ́, ó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀gá àti oníbàárà títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o. Kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ rí fún ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ohùn rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀.

"Orúkọ lásán ni àwọsánmà, Màámi. Ilé-iṣẹ́ kan ló kọ́ àwọn ilé ràgàjì sí àwọn ìlú tó jìnnà síra, ó wá to kọ̀ǹpútà sínú wọn láti ilẹ̀ dé àjà. Àwa tá à ń kọ ètò, a kì í sábà ra ẹ̀rọ ńlá mọ́. Tiwọn là ń yá." Ó fi ìka han ìyá rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. "Ibí yìí ni wọ́n ti ń bá mi tọ́jú ohun tí ẹ kà. Wọ́n tún ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé mìíràn, tí iná bá jó ọ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ má bàa bá a lọ. Ibí yìí ni mo ti ń yá ẹ̀rọ alágbára tó ń kọ́ ohùn yín. Tó bá ti kọ́ ọ tán, mà á dá a padà, ẹlòmíì á yá a. Eléyìí, olùṣọ́ ni. Tí nǹkan kan ò bá ṣiṣẹ́, òun ló máa pè mí."

"Ilé àyágbé ni, nígbà náà. Onílé kan, ayálégbé rẹpẹtẹ."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Tí ayálégbé yàrá kejì bá ṣèèṣì wọ yàrá mi ńkọ́?"

"Kò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí mo bá fún ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè wọlé."

"Ta lo ti wá fún?"

"Èmi ni mo ni ín. Mo sì fún Bọ̀dá mi ní ọ̀kan."

"Èmi ńkọ́?"

Àbíkẹ́yìn wo ojú kọ̀ǹpútà. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí orúkọ ẹrù ló ṣe wà níbẹ̀, kì í ṣe bí orúkọ ẹni tó lẹ́rù. Fóònù tó dún ló gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, Àkọ́bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà, tí wọn kò sì fún ní ìsinmi títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbíkẹ́yìn gbé e sórí sípíkà kí ìyá wọn lè gbọ́. Kó tó ráyè sọ fún un pé ìyá wọn ń gbọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí i kà tó? Jẹ́ kí wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ mi síbẹ̀ o. Lọ́jọ́ tí Màámi ò bá sí mọ́, àwọn ọmọ á ṣì máa gbọ́ wọn. Wọ́n á máa kí wọn lọ́jọ́ ìbí, wọ́n á máa gbà wọ́n níyànjú..."

"Ìyànjú wo?" ni ìyá náà béèrè.

"Ẹ káàárọ̀, mà. N ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

"Ibí ni mo wà. Ìyànjú tí n óò máa gbà wọ́n nígbà tí mo bá ti kú, ta ni yóò máa rò ó?"

"Àwa la máa kọ ọ́ fún ẹ̀rọ náà, mà. Ohun tá a mọ̀ pé ẹ máa sọ."

"Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé n óò sọ." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Nígbà tó o wá sọ fún mi pé o fẹ́ gbéyàwó, kí lo mọ̀ pé n óò sọ?"

"Mo rò pé ẹ ò ní gbà."

"Kí ni mo wá sọ?"

"Ẹ ní ṣé ọmọbìnrin náà mọ̀ pé mo máa ń hanrun."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Mo fẹ́ nǹkan tí àbúrò rẹ ń ṣe yìí. Mo fẹ́ máa bá awakọ̀ jà, mo fẹ́ máa pè yín kí n máa yọ yín lẹ́nu. Èmi ni n óò máa tẹ ọ̀rọ̀ mi. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá lọ, kí ẹnu mi bá mi lọ. Èyí tí mo bá ti sọ, ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe wù yín. Èyí tí n kò sọ, ẹ má fi sí mi lẹ́nu."

"Mo ti gbọ́, Màámi," ni Àkọ́bí wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

"Gbígbọ́ nìkan kọ́. Kí àbúrò rẹ ṣe é báyìí, níṣojú mi."

Àbíkẹ́yìn ṣe é. Ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sí ipò ẹni tó ni yàrá náà. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ àṣírí tí ìyá náà yóò máa fi wọlé, ìyá ní kó kọjú sí ògiri, ó sì kọjú síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí ìka kan ṣoṣo ṣe ń wá lẹ́tà kiri. Lẹ́yìn náà, ó gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gé tirẹ̀ kù: ó lè tún ètò náà ṣe tó bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ohùn náà sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ ikẹ́yìn. Àyè wà níbẹ̀ tí èèyàn ti lè pàṣẹ pé tí ẹni tó ni yàrá náà kò bá yọjú fún ọdún kan gbáko, kí ẹ̀rọ gbàgbé ohùn náà pátápátá. Ó kọ àṣẹ náà. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá ó dá a lójú, nítorí kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Ọjọ́ gbogbo ni irú ìbéèrè yìí ń jáde sí i lẹ́nu iṣẹ́, ó sì máa ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láì kà á. Lónìí ó kà á tán, ó tún un kà. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá òun lòun ń ṣiṣẹ́ fún. Ohùn nìkan ni dókítà sọ pé yóò lọ. Àbíkẹ́yìn fúnra rẹ̀ ló ti ń múra sílẹ̀ fún ikú ìyá náà.

Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti parí?" ni Àkọ́bí béèrè.

"Ó ti parí. Bọ̀dá, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ bá Màámi fa ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń kà yìí ò jọ wọ́n."

Àkọ́bí ní ọbẹ̀ ìyàwó òun ti dùn ju ti ìyá òun lọ. Ìyá náà kò dúró kó parí ọ̀rọ̀. Ó bú u, ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó rán an létí ọjọ́ tó jẹ́ kí ìkòkò jóná nítorí ẹyin méjì. Máìkì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ tí wọ́n yá ti kọ́ ohùn náà tán, ìyá náà sì jókòó ti fóònù, ó tẹ gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Fóònù sọ pé, "Ẹ gbé oúnjẹ wá, ebi ń pa mí."

Ìyá náà tẹ́tí, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ó jọ mí. Ó jọ mí lọ́jọ́ tí mo bá sùn dáadáa."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ọsibítù. Bẹ́ẹ̀dì ìyá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì yíjú sí Àbíkẹ́yìn.

"Ìrọ̀rí mélòó ni màmá máa ń lò?"

Àbíkẹ́yìn mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé, ó wojú ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà sì wo ìyá náà.

Ìyá náà kò kánjú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀yìn tì í díẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fún mi ní mẹ́ta," ló sọ. "Mo fẹ́ máa rí ẹni tó ń wọlé."

Méjì ni Àbíkẹ́yìn ì bá sọ.