Ọwọ́ Aláyọ́ọ̀nù Lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ti rí Ìyá Aláyọ́ọ̀nù nídìí iṣẹ́ á mọ̀ pé obìnrin náà kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan. Nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì dúró tì í títí gbogbo ibi tó hunjọ á fi tẹ́. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Àfi bí ìjọba ṣe ní gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ kọ̀ǹpútà lò. Aṣọ tó wọlé, aṣọ tó jáde, orí ẹ̀rọ ni wọn ó ti máa kọ ọ́. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, kó máa lọ sílé.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Olùkọ́ tí wọ́n rán wá, ọmọ Ìyá Aláyọ́ọ̀nù gan-an ni. Inú ìyá dùn dẹ́yìn.

Tíṣà ò gba gbẹ̀rẹ́ o. "Bàbá Olómi, ẹ ti ṣì í! Ẹ tún un ṣe!" Bàbá Olómi, tó ń rọ omi sẹ́rọ ìfọṣọ, á máa làágùn. Ṣùgbọ́n tí Tíṣà bá dé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì" ló máa ń sọ, á nawọ́ kọjá léjìká rẹ̀, á tẹ nǹkan díẹ̀, á sì kọjá lọ. Ìyá wá ń yan fanda. "Ẹ máa làágùn níbẹ̀ o, èmi ti mọ̀ ọ́n!"

Ó mọ kí ni! Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, ọ̀gá pe Tíṣà síta. Ìyá ń dá kọ orúkọ wọ́ọ̀dù kan. Ó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ bó ṣe ń tẹ áyọ́ọ̀nù, ó dúró tì í. Lẹ́tà kan náà tò lọ rẹrẹẹrẹ, ó kún ojú ẹ̀rọ. Ó tẹ òmíràn, bákan náà ni. Àṣé ọmọ òun ló ti ń pa á rẹ́ látẹ̀yìn! Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Nígbà tí wọ́n délé, ó bi ọmọ náà pé, "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ bí mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró láàárín èèyàn, kí n máa sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n? Wọ́n á ní mi ò níwà."

"Wọ́n á ní! Ṣé àwọn ló máa bá mi wáṣẹ́ míì?" Inú ń bí i, ẹ̀rín tún ń pa á. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Nígbà tó ò ń kọ́ ìrìn, tó o bá ṣubú, ọkàn mi á já, mi ò sì ní í gbé ẹ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Lọ́la, bá mi wí."

Ilẹ̀ mọ́, lẹ́tà tún tò lọ. Tíṣà dúró. "Mọ́mì, ẹ ti ṣì í. Aṣọ kọ́ lẹ̀ ń lọ. Ẹ fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ gbé e kúrò kíá."

"Mo ti gbọ́, Tíṣà."

Bàbá Olómi bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti kàn yín!" Tíṣà bá ìyá rẹ̀ wí lọ́jọ́ yẹn, ó bá a wí lọ́jọ́ kejì, ó ń bá a wí títí ìka rẹ̀ fi fúyẹ́.

Àjèjì ló wá dán wọn wò, wọ́n sì ní kí Tíṣà dúró síta. Ìyá ń bá a bọ̀ dáadáa, àfi bí ẹ̀rù ṣe mú un. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo, lẹ́tà tò lọ. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnì kankan. Ó mí kanlẹ̀, ó pa á rẹ́ fúnra rẹ̀, ó tún un kọ, ó fi ránṣẹ́.

Olùdánwò wò ó. "Ẹ ti yege, mà."

Lẹ́nu ọ̀nà, orí ìkúnlẹ̀ ló bá ọmọ rẹ̀, tó ń sunkún. "Mọ́mì, ẹ foríjì mí. Mo jágbe mọ́ yín jù."

Ìyá fà á dìde, ó nu omijé rẹ̀. "Jágbe kẹ̀? Mo ti rò pé ẹ̀kọ́ ti tán nílẹ̀ fún irú mi. Ìwọ lo gbà pé mo ṣì lè mọ̀ ọ́n."