Omi Kànga Tuntun

Inú Àyìnkẹ́ a máa dùn bí ó bá rántí ìgbà tí ẹ̀sítéètì Ìbà ṣì jẹ́ tuntun, tí koríko ga ju ọmọdé lọ láti ibẹ̀ títí dé Òkokomáíkò níbi tí òun ń gbé, tí ìyá ọmọ sì lè fẹsẹ̀ rìn ín láàárọ̀ láìsí ariwo mọ́tò. Nígbà náà, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan wà nínú ẹ̀sítéètì náà. Àwọn ìyá kì í dákẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Àǹtí Fọláyẹmí tó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n ké ABC kí àdúgbò gbọ́. Yóò kó wọn jáde lọ wo èèrà. Yóò ní kí wọ́n ju nǹkan sínú omi, kí wọ́n wo èyí tó rì àti èyí tó léfòó.

Aránṣọ ni Àyìnkẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò pẹ́ ní ilé ìwé, ohun tó sì ń fẹ́ ni pé kí Táyọ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, tètè mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí Táyọ̀ bá dé láti ilé ìwé Ìbà yìí, kò ní ka nǹkan kan. Ìbéèrè ni yóò máa bi ìyá rẹ̀.

"Màámi, kí ló dé tí ìṣó rì tí koríko ò rì?"

Kí Àyìnkẹ́ tó dáhùn, ìṣó ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń bọ̀, Àyìnkẹ́ fa omi nínú kànga tuntun tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Omi náà mọ́ gaara. Ó da díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, ó fi ìyókù rẹ sùtánà funfun rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti búlúù, ó lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, sùtánà ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú tíì. Omi inú dúrọ́ọ̀mù náà ti pọ́n.

"Ọmọ yín ni," ni ìyá onílé wí. "Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù lánàá."

Bọ́sẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bá a wí, ìyá. Dókítà omi ni."

Àyìnkẹ́ ká sùtánà náà mọ́ abíyá, ó fa Táyọ̀ lọ́wọ́, ó di Ìbà.

"Màámi, mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀ lánàá. Mo kàn ń wò ó ni."

Ìyá rẹ̀ túbọ̀ yára ẹsẹ̀.

Orí ẹní ni wọ́n bá Àǹtí Fọláyẹmí láàárín àwọn ọmọ.

"Àǹtí, ẹ kó ẹrù ọmọ mi fún mi. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń kàwé ni mo ń mú un lọ. Ẹ wo ohun tí ẹ kọ́ ọ."

Àǹtí yẹ aṣọ náà wò síwá sẹ́yìn. "Kí ló mú un pọ́n báyìí?"

"Ẹ̀yin ni mo wá bi."

"Èmi náà ò mọ̀, Ìyá Táyọ̀."

Àyìnkẹ́ wò ó tìyanutìyanu. Tíṣà tí kò mọ̀? Àwọn tíṣà tí òun mọ̀, bí wọn kò bá mọ̀, pàṣán ni wọ́n fi ń dáhùn.

"Ẹ bá wa fa omi náà wá," ni Àǹtí wí. "Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ fà á. A ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí kò bá pọ́n, ọmọ yín ló ṣe é, ẹ máa mú un lọ. Mi ò ní jiyàn."

Ìyẹn dùn mọ́ Àyìnkẹ́. Ó gbé omi dé nínú ìgò, ó tì í pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.

Nígbà tó ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti pọ́n.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

Ọmọ sójà kan tó ń jẹ́ Àkànbí wò ó lójú. "Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà, mà."

Àǹtí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Táyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò.

"Mo ti gbà pé kì í ṣe ọmọ mi," ni Àyìnkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n sùtánà mi ṣì pọ́n. Àǹfààní wo ni ká máa wo omi? Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí mi ò rí àǹfààní rẹ̀, mò ń mú un lọ."

"Ó dáa. Àwọn ọmọ á máa wò ó."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Táyọ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fà á dé ìdí ìgò. Pípọ́n náà ti rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Omi tó wà lókè mọ́ lóló.

"Ó ti sùn, Màámi. Kò lè pọ́n mọ́. Ó ti pọ́n tán."

Àyìnkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Omi inú dúrọ́ọ̀mù ṣì wà ní ilé, ó ti pa á tì láti ọjọ́ tí ìbínú ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó délé, ó rọra fi kọ́ọ̀bù bu òkè rẹ̀, kò jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rú. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó àbàwọ́n ara sùtánà, ó fi omi náà fọ̀ ọ́. Ní ọ̀sán Sátidé, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Kò funfun tó ti tẹ́lẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìkórè, ojú kò tì í.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun àti Táyọ̀ tún dé Ìbà.

"Ṣé kí n kó ẹrù rẹ̀?" ni Àǹtí bi í.

"Ẹrù wo? Ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan ná. Omi yìí mọ́ nínú kànga. Kí ló rí níta tó fi ń pọ́n?"

"Èmi náà ò tíì mọ̀, Ìyá Táyọ̀."

"Ó dáa."

Àyìnkẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ sún fún un lórí ẹní, ó sì jókòó.