Oògùn Ikọ́ Ìyá Àgbà

"Òun ni! Yéè, òun mà ni!"

Àmúdà awakọ̀ ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó fò dìde débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Nínú tẹlifíṣàn Bàbá Rájí, Lámídì, ọmọ jẹ́jẹ́ tó ń tọ́jú baba arúgbó olóko kòkó tó kú, ti yọ ìgò kékeré kan jáde lápò. Alẹ́ tí baba náà kú ni eré padà fi hàn: ó ń kán ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú oògùn ikọ́ baba náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni gbogbo agbolé ti fẹ́ràn láti ọjọ́ tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀.

Pálọ̀ dàrú. Láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ti ní kí gbogbo ìlú máa tò sórí ìlà ni Bàbá Rájí náà ti ní kí àwọn òǹwòran máa tò wọlé òun, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rántí ìlà mọ́. Àwọn ọkùnrin ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àbúrò baba ló pa á. Àwọn obìnrin ní irọ́ ni, ìyàwó kékeré ni. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ wo ọ̀gangan ibi tí Lámídì wà.

"Ẹ rántí ọjọ́ tó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá?" Àmúdà ń pariwo. "Butà ọwọ́ rẹ̀ ṣófo! Ó ń fì í bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i, mi ò fura!"

Bàbá Rájí ṣí fìlà, ó tún un dé. "Ẹni tó kọ eré yìí, Ọlọ́run ló fún un lọ́pọlọ. Ó gbé apààyàn jókòó sáàárín wa, a tún ń bu oúnjẹ fún un."

Sàrátù ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò lè pariwo. Lámídì inú tẹlifíṣàn, Fàtáì ni lóde, télọ̀ tó máa ń lọ bá wọn ṣeré ní Ìbàdàn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni, yìgì wọn ò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́. Orí rẹ̀ wú pé ọkùnrin òun tan gbogbo ìlú Ìwó jẹ, tó fi dórí òun alára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, nítorí Ìyá Àgbà Àtọ́kẹ́, ìyá baba rẹ̀, jókòó sórí ẹní lẹ́yìn wọn, ó tẹjú mọ́ ìgò ọwọ́ Lámídì.

Eré kì í ṣe eré lójú Ìyá Àgbà. Bí Lámídì bá kí salámù nínú tẹlifíṣàn, á dáhùn, á tún béèrè bóyá ó ti jẹun. Nítorí Lámídì ló ṣe gba Fàtáì tọwọ́tẹsẹ̀. "Ẹni tó lè tọ́jú arúgbó báyìí, á tọ́jú ìyàwó," ohun tó máa ń wí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ní agbolé wọn, ọmọbìnrin kì í lọ sílé ọkọ àfi tí àgbà obìnrin ilé bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Bí Ìyá Àgbà bá ní òun ò ṣe, kò sẹ́ni tó lè bá a ṣe é.

"Sàrátù," Ìyá Àgbà pè é, "oògùn ikọ́ tí ọmọkùnrin yẹn gbé wá fún mi lọ́sàn-án, ibo ló wà?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín, Ìyá."

"Gbé e jìnnà sí mi."

Bàbá Rájí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, eré mà ni. Àwọn tó kọ ọ́ ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀."

"Àwọn ló tún bá a rẹ́rìn-ín? Ohun tí kò bá sí nínú ẹni kì í ti inú ẹni jáde." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó sì ń húkọ́ náà wọ yàrá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò ti kún ṣọ́ọ̀bù Fàtáì. Àwọn ọmọdé ń yọjú, wọ́n ń sá padà, wọ́n ń pè é ní apààyàn. Àwọn àgbà ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ó káre. Ó ń rẹ́rìn-ín títí Sàrátù fi fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ròyìn fún un.

"Oògùn ikọ́!" Fàtáì gbá orí ara rẹ̀. "Èmi tí mo mọ ohun tó ń bọ̀ lálẹ́! Gbogbo èrò mi ni pé kí ikọ́ yẹn lọ. Ṣé orí mi pé báyìí?"

Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Àgbà. Fàtáì tọrọ ṣíbí, ó da oògùn náà sí i, ó gbé e mì lójú gbogbo wọn. Ìyá Àgbà ń wò ó bí ẹni ń yẹ àgbò ọdún wò. Nígbà tó pẹ́ títí tí Fàtáì kò ṣubú, Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lanu.

"Jímọ̀ tó ń bọ̀, ṣé àwọn ọlọ́pàá á mú ọ?"

"Ìyá, a ti ṣe é sílẹ̀. Ọ̀gá wa gba ẹ̀jẹ́ lọ́wọ́ wa pé a ò ní sọ ọ́."

"Sọ ọ́ fún mi, màá fa ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́. Bí o ò bá sọ ọ́, gbé ìgò rẹ, kó o máa lọ."

Sàrátù ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́. Bàbá Rájí pàápàá na ọrùn, nítorí òun náà fẹ́ gbọ́. Fàtáì tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ Sàrátù dénú. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí. Ẹ máa wò ó."

Ìyá Àgbà yíjú sí Sàrátù. "Ó sọ fún ìwọ?"

"Rárá, Ìyá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò sọ fún mi."

Arúgbó náà na ọwọ́, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ Fàtáì.

"Ẹni tí ò tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀ nítorí ìyàwó, kò ní tú àṣírí ìyàwó fún ọ̀rẹ́. Da á fún mi." Ó gbé oògùn náà mì, ó fajú ro nítorí kíkorò rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá mú ọ ní Jímọ̀, èmi gan-an ni màá mú ọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó tún na ṣíbí náà sí Fàtáì.

"Ṣíbí méjì lo ní kí n máa mu," ó wí, ó sì lanu sílẹ̀.