Géètì Abẹ́ Ọkọ̀ Enoch

"Ohùn tí Ọlọ́run bá fún ẹ̀dá, kò sí ọmọ tí obìnrin bí tó lè pa á lẹ́nu mọ́!"

Enoch ló sọ bẹ́ẹ̀. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ ló jókòó sí níwájú ilé, nínú kúlóòsì, ìyẹn òpópónà kékeré wọn, ní Festac, ó fẹsẹ̀ kan lé táyà, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń du ipò gómìnà. Àwọn aládùúgbò tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra máa wa ọkọ̀ náà dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé.

"Ẹ lọ bá kìnnìún nínú igbó, ẹ ní kó máa ké bí ológbò. Bó bá gbà fún yín, ẹ padà wá bá mi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó ṣíná, ó tẹ iná mọ́ ọn, ọkọ̀ sì figbe ta: HÁÁÁÁÀ! bí ìgbà tí wọ́n gbé máíkì sẹ́nu ewúrẹ́ tí wọ́n ń dú lọ́wọ́. Ajá kan bẹ́ sínú gọ́tà. Ọmọ ọwọ́ pariwo lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Enoch yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ ò gbọ́ nǹkan!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì.

Ẹ má tíì bú Enoch. Ọdún tí àwọn báǹkì ń gbé ara wọn mì bí ẹja inú odò ni wọ́n dá Enoch dúró lẹ́nu iṣẹ́. Owó tí wọ́n fi kí i pé ó dàbọ̀, kò fi ra ilẹ̀, kò fi ṣòwò. Kùtọnu ló gbà lọ, ó sì fi ra ọkọ̀ tókúnbọ̀ pupa kan tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, èyí tí ọmọ Jámánì kan ti fi ṣeré dójú ẹ̀ kó tó tà á. Gbogbo iléeṣẹ́ tí Enoch kọ̀wé sí pé òun ń wáṣẹ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ yìí, ọkọ̀ á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn. Kò tún sí òmíràn.

Láídé ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ sì ni wọ́n fi sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á wọlé dé pẹ̀lú ojú tó wú bí búrẹ́dì inú omi. Bó bá ti ń gbé orí lé ìrọ̀rí báyìí, Enoch á lọ gbé ọkọ̀ gbóná. HÁÁÁÁÀ! Kò sì níbi kankan tó fẹ́ lọ o. Ó kàn ń gbé e gbóná ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, Láídé bá a lójú ọ̀nà, báàgì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Níbo?" ni Enoch bi í.

"Mò ń lọ sùn."

"Ibùsùn ńkọ́ nínú ilé?"

"Ilé bàbá mi ni mo ti fẹ́ lọ sùn."

Enoch rò pé oorun ọ̀sán ni. Ilẹ̀ ṣú, Láídé kò dé. Ilẹ̀ mọ́, kò dé. Ọ̀sẹ̀ yípo, kò dé. Enoch bẹ̀rẹ̀ sí í mu gàrí láìní epà nínú. Ó máa ń lọ jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, kò ní ṣíná, á kàn di ìdarí mú, á máa wo géńdé ọkùnrin inú dígí tí kò níṣẹ́, tí kò níyàwó. Kúlóòsì wá pa lọ́lọ́. Àwọn aládùúgbò tó ti ń gbàdúrà fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò wá lè wò ó lójú. Bí wọ́n bá ń kọjá lára rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń yọ́ rìn bí ẹni tó wà nílé òkú.

Nígbà tí kò rí i gbé mọ́, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀, Alàgbà Àyàntúndé, ní Third Avenue. Gbọọrọ ló nà sórí táìsì.

"Enoch," ni bàbá wí, "ìwọ àti ọkọ̀ yẹn la fọmọ fún ni, àbí ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Dìde. Ariwo ọkọ̀ yẹn ló lé ọmọ mi síta. Bó bá ti dé ẹnu géètì Festac ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, láàárín ariwo ọkọ̀ òkun, tí etí ọ̀tún mi ti kú. Ọjọ́ tí mo bá rí ọkọ̀ yẹn kí n tó gbọ́ ọ, ọjọ́ náà ni màá fọwọ́ ara mi mú Láídé padà wálé fún ọ."

"Ẹ ṣé sà! Ẹ ṣé gan-an sà!"

Àwọn ọkùnrin méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Láídé wà nínú yàrá, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Kò sẹ́ni tó pè é.

Enoch gba ọ̀dọ̀ Ìkẹ́ mẹkáníìkì lọ ní Mile 2. Ìkẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, ó yọrí.

"Bọ̀dá Enoch, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń ké o. Géètì ni."

"Géètì kẹ̀? Lábẹ́ ọkọ̀?"

"Wéésì-géètì ni wọ́n ń pè é. Ṣé ẹ rí i, èéfín ló ń yí tọ́bò. Bí èéfín bá ti wá pọ̀ jù, géètì kékeré yìí á ṣí, á tú ìyókù sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà yó bẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀ ló wá gbé ẹnu ẹ̀ síta gbangba, kó lè máa fi dẹ́rù ba àwọn ará ìlú ẹ̀. Wẹ́dà máa tẹ páìpù yìí ni, á dá a padà sínú sàléńsà, ariwo á gba ibẹ̀ kú. Bí ìgbà tí ìyá bá fa ọmọ tó ń sunkún lójú títì wọlé ni. Ọmọ ò ní dákẹ́ o, àmọ́ àdúgbò ò ní gbọ́."

"Ṣe é fún mi báyìí."

"Wẹ́dà mi lọ sìnkú ní Badagry. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ìkẹ́, ìyàwó ni mò ń wá, kì í ṣe táyà!"

"Ẹ ṣe sùúrù ni mo wí. Ẹ má gbé e fún wẹ́dà tí ò mọ…"

Enoch ti lọ.

Ó dé Alákijà, ojú rẹ̀ sì bá pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: ṢÀKÍRÙ ỌBA GÉÈTÌ. GÉÈTÌ ŃLÁ, GÉÈTÌ KÉKERÉ, GBOGBO GÉÈTÌ. Ẹ ò rí ayé! Enoch tẹ bíréèkì débi pé táyà sunkún. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Olúwa, ìwọ ló darí mi!"

Ká má purọ́ mọ́ Ọlọ́run.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ géètì dáadáa?"

Ṣàkírù bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Èmi? Láti ibí dé Àmùwò, géètì wo lo rí tí kì í ṣe èmi? Ilẹ̀ tó o tẹ̀ yìí, bàbá bàbá mi ló ni ín. Géètì tó wà lórí ẹ̀, èmi ni mo ṣe é. Olè tó bá dé ibi géètì mi, ńṣe ló máa kúnlẹ̀ kí i, á sì padà sílé."

"Géètì ọkọ̀ ni tèmi o."

"Géètì ni géètì."

Enoch bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí páìpù náà. "Òun nìyẹn. Ẹ bá mi dá a padà sí sàléńsà, kí ẹ pa á lẹ́nu mọ́. Mi ò fẹ́ gbọ́ ìró kankan mọ́."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, àmọ́ iṣẹ́ méjì ló wà nínú ẹ̀. Èyí àkọ́kọ́, dá a padà, kò yé Ṣàkírù rárá. Èyí kejì, pa á lẹ́nu mọ́, ó yé e yékéyéké. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá pera ẹ̀ ní ọba géètì, báwo ni yóò ṣe la ẹnu bi oníbàárà pé kí ni géètì? Ṣàkírù bá mú èyí tó yé e. Ìbéèrè kan péré ló bi Enoch kó tó gbé iná sọ́wọ́:

"Ṣé o ò fẹ́ kó ṣí mọ́ rárá?"

Ọkàn Enoch ti wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, torí ojú tí ìyàwó yóò kọ́kọ́ rí gbọ́dọ̀ dán. Ẹnu páìpù tó ń ké ló rò pé Ṣàkírù ń wí.

"Ẹ̀gbọ́n, kó má ṣí mọ́ láéláé!"

Ṣàkírù mú irin tó nípọn tó ń fi ṣe ẹsẹ̀ géètì, ó gé e róbótó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu páìpù náà, ó lọ̀ ọ́ dán, ó sì fi ọ̀dà fàdákà kùn ún. Nígbà tí Enoch padà dé pẹ̀lú orí tó ń tàn, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí nǹkan tó ń kọ mànà, ó sì gbà pé ó ti padà síbi tó yẹ. Ó ṣíná. Ọkọ̀ ń mí bí ọmọ tó sùn. Ó tẹ iná. Ọkọ̀ ò ké. Enoch sọ̀kalẹ̀, ó gbá Ṣàkírù mọ́ra pẹ̀lú gbogbo eérú ara rẹ̀.

"Mo sọ fún ọ," ni Ṣàkírù wí. "Géètì ni géètì."

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà Àyàntúndé jókòó sí fàráńdà, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó gbójú sókè, ó rí ọkọ̀ pupa níwájú ilé rẹ̀. Ìwé ìròyìn jábọ́.

"Mo rí i! Mo rí i, mi ò gbọ́ ọ! Láídé! Láídé o! Jáde wá wo iṣẹ́ Olúwa!"

Láídé jáde. Ó wo ọkọ̀. Ó wo orí ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó padà wọlé, ó mú báàgì ńlá òfìfo kan tó ká sábẹ́ abíyá.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni gbogbo ohun tó sọ.

Enoch fẹ́ẹ̀ fò. Bàbá jókòó síwájú, nítorí ó ti ní ọwọ́ ara òun lòun yóò fi mú un délé. Láídé jókòó sẹ́yìn. Ilé kò jìnnà, ká yà sọ́tùn-ún ká yà sósì ni. Enoch kò yà. Ó kọrí sí ọ̀nà Badagry.

"Ilé ńkọ́?" ni Láídé bi í.

"Ká kàn gbatẹ́gùn díẹ̀."

"Jẹ́ kó gbatẹ́gùn," ni bàbá wí. "Inú ọmọ náà ń dùn."

Ó tẹ iná, ọkọ̀ bá fò! Àtọjọ́ tó ti rà á, kò sáré báyìí rí. Ẹ̀yìn àwọn èrò inú ọkọ̀ lẹ̀ mọ́ àga. Àwọn bọ́ọ̀sì di ohun ẹ̀yìn. Agbára tí kò ríbi gbà jáde ń rọ́ wọnú ẹ́ńjìnnì bí omi tó ya ògiri, Enoch sì ń rò pé ìbùkún ni.

"Ẹ̀gbọ́n Ṣàkírù ti fi agbára kún un!"

Bàbá di ọwọ́ ìlẹ̀kùn mú, eyín rẹ̀ gbogbo wà níta. "Enoch, ohun tí kì í pariwo ló ń ṣiṣẹ́! Tẹ̀ ẹ́ sí i!"

Ó tẹ̀ ẹ́ sí i.

GBÀÀÀ!

Ó dún bí ìgbà tí wọ́n da àpótí sípánà sínú garawa láti orí òrùlé. Èéfín funfun bo dígí. Ọ́ìlì dúdú jò sílẹ̀ láti Ọlọ́run mọ ibi wo. Ọkọ̀ fà, ó fà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Alákijà, níwájú pátákó tí a ti kà lẹ́ẹ̀kan. Ṣàkírù sáré jáde.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Géètì mi ṣí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n," ni Enoch wí, "kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo tì í. Irin tó nípọn ni mo lẹ̀ mọ́ ọn. Wò ó, kò mì!" Òótọ́ ni. Nínú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, irin Ṣàkírù nìkan ni kò mì.

"Mo ní kí ẹ dá a padà!"

"O ní kí n pa á lẹ́nu mọ́! O ní kó má ṣí mọ́ láéláé! Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Enoch pe Ìkẹ́ lórí fóònù. Ìkẹ́ gbọ́ ọ títí, ó ní, "Ẹ tì í? Ẹ́ńjìnnì nìyẹn, Bọ̀dá Enoch. Ó ti lọ. Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó sì pa fóònù.

Enoch bá jókòó sínú yanrìn ẹ̀gbẹ́ títì, ó gbé orí lé táyà, ó sunkún. Kì í ṣe ẹkún àwàdà. Ẹkún ọkùnrin tó ti kọ̀wé kọ̀wé ni, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ náà sì ti ń dà jáde lábẹ́ ọkọ̀ báyìí ní dúdú. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó yíjú sí Láídé tó jókòó sórí ògiri kékeré ẹ̀bá gọ́tà.

"Láídé, kò ku nǹkan kan fún mi mọ́. Kò kù ju ìwọ lọ. Jẹ́ ká máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé wa."

Alàgbà Àyàntúndé ṣí fìlà. "Ẹ gbọ́, ọ̀nà Ọlọ́run kì í ṣe ọ̀nà ènìyàn. Ó mú ọkọ̀ lọ, ó dá ìyàwó padà. Èwo ló tóbi jù nínú méjèèjì?"

"Ìyàwó ni, Bàbá," ni Ṣàkírù dáhùn, omi ti ń bọ́ lójú òun náà. "Mo sì máa ṣe géètì fún tọkọtaya yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Géètì ńlá!"

Gbogbo wọn wá wo Láídé, wọ́n ń retí kó dìde.

"Ẹrù mi tó kù ni mo fẹ́ lọ kó," ni ó wí.