Ẹ̀jẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀

Lọ́dún 2009, kò sí ẹni tó mọ bí iṣẹ́ ṣe wọ Ọlábùnmí lọ́rùn tó. Lójúmọmọ, á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò ní láàbù ilé ìwòsàn kan l'Agboju. Bó bá jáde, á sáré wọ kaféè ní Festac, níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì, nípa bí a ṣe ń ṣọ́ àṣìṣe ní láàbù, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú yunifásítì kan nílùú òyìnbó. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ohun tí ará ilé mọ̀ kò ju pé àǹtí ń lọ síwájú.

Láàbù wọn ní àṣà kan. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ jínótáìpù ẹnikẹ́ni wò, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé AS ni sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Iná á máa ti ẹ̀jẹ̀ méjèèjì lọ lórí bébà funfun: A á ṣíwájú, S á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bí ti ẹni tí wọ́n mọ̀ bá là sí ìlà méjì, a jẹ́ pé iná ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́rìí ni Ọlábùnmí máa ń pè é. Ìfẹ́dayọ̀ àbúrò rẹ̀ ló sì ni ín. Oṣooṣù ló ń wá na apá, á gba ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, á máa lọ.

Nínú oṣù kẹfà, olùkọ́ wọn ní yunifásítì náà ní kí oníkálukú ṣí ìwé láàbù rẹ̀, kó kọ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́rìí tó lò fún àyẹ̀wò jínótáìpù kọ̀ọ̀kan láti oṣù mẹ́ta. Ọlábùnmí ń kọ ọ́ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ó fi kan ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin. Àyè ẹlẹ́rìí ṣófo. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lọ́jọ́ náà: Jùwọ́nlọ, àfẹ́sọ́nà Ìfẹ́dayọ̀. Èsì: AA.

Ó rántí ọjọ́ náà. Ìfẹ́dayọ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó kù nínú fìríìjì sì ti bàjẹ́. Aago márùn-ún ni iṣẹ́ kíláàsì kan gbọ́dọ̀ wọlé, ló bá pa ẹ̀rọ kí àkókò tó pé. Ìlà kan ló rí, ó kọ AA. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ àṣìṣe, ìkánjú ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló mú un ṣe é. Èsì náà ni pásítọ̀ wò kó tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó, ó sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

"Àǹtí Bùnmí, ẹ kọ nǹkan síbẹ̀ jàre," ni Ernest, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, wí nígbà tó rí àyè tó ṣófo náà. "Who wan check am? Bóyá AA náà ni bọ̀dá yẹn."

Ó mú bírò. Ó rántí Àdúràolúwa, àbúrò wọn tó jẹ́ SS, tí egungun máa ń ro débi pé ó ń bẹ màmá wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó kú. AS méjì ló bí i. Ọlábùnmí gbé bírò sílẹ̀, ó pe Jùwọ́nlọ lórí fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Jùwọ́nlọ yà wá láti Mile 2, ó na apá. "Àǹtí wa, ẹ̀ẹ̀kan ò tó yín ni?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọlábùnmí ní òun fẹ́ tún nǹkan kan wò ni, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́sàn-án, Ìfẹ́dayọ̀ dé pẹ̀lú káàdì ìgbéyàwó, ó pín in fún gbogbo ará láàbù, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí wọ́n tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ mi tún ti tán, àbí?"

Ó wu Ọlábùnmí kó ní kó máa lọ sílé. Ó ní kó jókòó, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí àkókò pé, ó tún fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé e. Nígbà tó fa bébà yọ, Ìfẹ́dayọ̀, tó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, tẹ̀ síwájú láti wò ó.

"Tèmi rèé." Ó fi ìka han ìlà méjì. "Ta ló ni ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? AS lòun náà."

"Jùwọ́nlọ ni." Ọlábùnmí tẹ́ bébà náà sórí tábìlì. "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, Dayọ̀. Mo kánjú. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ìfẹ́dayọ̀ kò sunkún. Ó wo bébà náà títí, ó sọ apá aṣọ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn káàdì tó wà lórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ó na ọwọ́.

"Bọ̀dá Ernest, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní tiyín."