Ibi Tí Kò Séèyàn

2.

…ni Edith bá fọwọ́ sí i pé bàálù àbúrò ẹ̀ dáa. Tíṣà ìṣirò, tí kò wọ bàálù rí láyé ẹ̀.

3.

*Ohun tí Ọlámijù, àbúrò ẹ̀, lẹ̀ mọ́ ògiri níbi tó ti ń kan bàálù, n'Íkirè:*

AMẸ́RÍKÀ: Kó o fọwọ́ ara ẹ ṣe ju ìdajì lọ. Kí aṣojú ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí kò séèyàn ni kó o ti kọ́kọ́ dán an wò.

GẸ̀Ẹ́SÌ: Kí alábòójútó máa yẹ̀ ẹ́ wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kó máa fọwọ́ sí i.

NÀÌJÍRÍÀ: Mo ti kọ̀wé. Mò ń retí èsì.

4.

Akọ̀wé káńsù ni Ọlámijù. Tí ìwé bá ti pé, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ó ṣa òfin ìlú méjì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, ó da èyí tó le nù. Kò rí alábòójútó, ló bá fi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dípò.

Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi de bàálù náà ni Edith kà. Mẹ́rìnléláàdọ́rùn-ún. Ó pé. Àtọjọ́ náà lẹ̀rù ti ń bà á.

5.

*Àtẹ̀jíṣẹ́, Sátidé*

ỌLÁMIJÙ: Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la ni mo máa gbé e fò o. Aago mẹ́wàá.

EDITH: Sọ́ńdè?

ỌLÁMIJÙ: Gbogbo èèyàn á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oko ọ̀nà Wásinmi á dá páropáro.

EDITH: Ìjọba ò tíì fèsì.

ỌLÁMIJÙ: Ẹ̀yin lẹ ṣáà fọwọ́ sí i pé ó dáa.

EDITH: Nọ́ọ̀tì ni mo kà!

ỌLÁMIJÙ: Ẹ bá mi gbàdúrà.

6.

ÌKÉDE: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fóònù yín kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.

7.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì. Edith wo gbogbo ìjókòó. Ojú tó mọ̀ ni gbogbo ẹ̀, Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé.

Ta ni kò sí níbẹ̀?

Sàlámọ̀tù! Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń din dòdò. Kí ló kan Mùsùlùmí kan ṣọ́ọ̀ṣì? Ọjọ́ Sọ́ńdè gan-an ló máa ń bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, lọ́nà Wásinmi. Àìmọye èèyàn ìlú ni kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì rárá, àmọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì méjì jókòó, wọ́n ní gbogbo èèyàn.

8.

Ó sáré jáde. Ó tan fóònù. Ó pe Ọlámijù. Kò gbé e. Ó tún pè. Kò gbé e.

9.

*Ìpè, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì*

EDITH: Ìyá Ìmọ́lẹ̀, níbo lẹ wà?

SÀLÁMỌ̀TÙ: Oko ni. Àwa méje la wà ńbí. Ṣé kò sí?

EDITH: Ẹ kúrò ńbẹ̀! Gbogbo yín, ẹ sá wọ ìdí igi!

SÀLÁMỌ̀TÙ: Ẹ dúró ná, mi ò gbọ́ yín. Ẹ̀rọ ata ta ló ń dún nínú oko?

EDITH: Sàlámọ̀tù!

SÀLÁMỌ̀TÙ: Áà! Ẹ wá wo nǹkan lókè o! Ó mà ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa! Gbogbo wọn ti jáde sí gbangba, wọ́n ń juwọ́ sí i.